Ìṣẹ́gun Lọ́tọ̀, Ìyọ́nú Ènìyàn Lọ́tọ̀

 

Nígbà tí Odù bá ti hù lójú ọpọ́n, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹni tí ó bá ti jókòó níwájú babaláwo rí mọ̀ pé ìbò ni a óò mú lé e: owó ẹyọ ní ọwọ́ kan, egungun ní ọwọ́ kejì. A óò kọ́kọ́ bèèrè bóyá ire ni Ifá wí tàbí ibi. Bí ó bá jẹ́ ire, a kì í dúró níbẹ̀ kí a máa yọ̀. Ire wo ni? Ṣé ire àìkú ni? Ṣé ire owó ni? Ṣé ti aya, ṣé ti ọmọ, ṣé ti ìṣẹ́gun? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń bi í, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Ifá ń fún ni. Olúwo mi, tí mo sìn fún ọdún mẹ́tàlá kí ó tó yọ̀ǹda mi, kì í jẹ́ kí a kánjú níbi ìbò yìí. Bí ọ̀kan nínú àwa ọmọ awo bá da ire méjì pọ̀ nínú ìbéèrè kan ṣoṣo, yóò ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni àríyànjiyàn kan tí àwọn ọmọ awo mi ń ṣe níwájú ilé mi ní Bàrígà, lẹ́yìn tí a ti jẹun ọ̀sẹ̀ Ifá tán. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ju bí ó ti yẹ kí ọmọ awo fẹ́ràn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èmi náà kò lè bá wọn wí, nítorí pé mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kí a tó bí wọn. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni èyí: kí ló dé tí akọni kan yóò fi gba bẹ́líìtì hẹ́fíwéètì, ìyẹn ti àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí wọ́n wúwo jùlọ, tí yóò borí gbogbo ẹni tí wọ́n kó síwájú rẹ̀, tí ayé kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀?

Mo bi wọ́n pé, "Ta ni ọmọ Yorùbá tí ẹ mọ̀ tí ó gba bẹ́líìtì hẹ́fíwéètì àgbáyé?"

Gbogbo wọn pariwo Anthony Joshua. Mo ní ó dára, Joshua gbà á ní 2016, ṣùgbọ́n ta ni ó gbà á ní bí ogún ọdún ṣáájú rẹ̀? Wọ́n wo ara wọn lójú. Mo dárúkọ Henry Akínwándé. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì tó wà ní Àkókà, fa fóònù yọ láti wádìí bóyá bàbá ń pa irọ́.

Irọ́ kọ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Akínwándé sí ní 1965. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì méje. Ó ja fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Seoul ní 1988, ó gba bẹ́líìtì Yúróòpù ní 1993. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1996, ní ìlú Indio ní Kalifọ́níà, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbé Jeremy Williams ṣubú ní abala kẹta, bẹ́líìtì WBO sì di tirẹ̀. Òótọ́ ni pé bẹ́líìtì WBO kò níyì nígbà náà tó bí ó ti níyì lónìí, ṣùgbọ́n ti àgbáyé ni. Ó gbèjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó lè kojú Lennox Lewis fún èyí tí ó níyì jù ú lọ.

Nígbà tí ó máa fi pàdé Lewis ní ọjọ́ 12 oṣù keje 1997, létí adágún Tahoe ní Nevada, ó ti ja ìjà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó borí nínú méjìlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀mì. Kò sí ẹni tí ó tíì nà án rí. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, kàkà kí ó máa na apá rẹ̀ gígùn yẹn jáde, ńṣe ni ó ń di Lewis mọ́ra. Rẹfirí kìlọ̀ títí. Ní abala karùn-ún ni rẹfirí náà, Mills Lane, dá ìjà dúró, tí ó sì lé e kúrò nínú ìdíje. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ìgbà náà ni Mills Lane yìí kan náà lé Mike Tyson kúrò, nítorí pé ó bu Evander Holyfield jẹ létí. Ẹ wá wò ó. Tyson fi eyín ya ara ènìyàn, títí di òní yìí àwọn ènìyàn sì ń sáré tọ̀ ọ́ kí wọ́n lè bá a ya fọ́tò. Akínwándé di ènìyàn mọ́ra, ayé sì gbàgbé rẹ̀. Ní 1998 ó kù díẹ̀ kí ó bá Holyfield jà ní New York, ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi àrùn mẹ́dọ̀wú hàn lára rẹ̀, ìjà náà sì túká. Ó ja fún ọdún mẹ́wàá mìíràn, ṣùgbọ́n ìlú kò yíjú padà.

Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: Akínwándé. Akin wá a dé ilé. Kò sí ibi tí orúkọ náà ti sọ pé ìyọ́nú yóò bá akin wá. Ti Joshua, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá, Olúwafẹ́mi wà nínú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Èmi kò sọ pé orúkọ ni ó ṣe gbogbo rẹ̀ o. Mo kàn ń wò ó ni, nítorí pé iṣẹ́ mi ni láti máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ pé ìlú kò fẹ́ràn Akínwándé kì í ṣe láti inú ìwé ìròyìn. Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ilé àwọn atẹ̀wé ni. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù kọkànlá ọdún, ariwo ẹ̀rọ kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹnìkejì yín ń wí, òórùn yíǹkì yóò sì bá yín dé ilé. Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun ni wọ́n ń tẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, olóògbé ni báyìí, tí ó tẹ kàlẹ́ńdà fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tí ayé ń fẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò fi owó ara rẹ̀ ra àwòrán ẹni tí kò fẹ́ràn kọ́ sí iyàrá. Ní ìparí 1996, àwòrán àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n gba wúrà ní Atlanta ni ó kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: Kanu, Okocha, pẹ̀lú Chioma Ajunwa tí òun náà fo gba wúrà níbẹ̀. Ti Muhammad Ali wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Ali ti fi ìjà sílẹ̀. Mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè ti Akínwándé. Ó gbé ojú sókè kúrò lára ẹ̀rọ, ó ní, "Ta ni yẹn, Awo?"

Ẹnìkan lè sọ pé nítorí pé ó ja lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àsíá Gẹ̀ẹ́sì náà ni Joshua ń jà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò sì fi ìfẹ́ gbé Akínwándé, nítorí pé wọ́n ti ní Frank Bruno. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bruno ti kùnà kí ó tó rí bẹ́líìtì gbà ní 1995, kò sì pé oṣù méje tí Tyson fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lewis nà án, Tyson nà án lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn jù. Ó máa ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo ara rẹ̀ yóò máa mì, ó máa ń lọ bá àwọn ọmọdé ṣeré orí ìtàgé nígbà Kérésìmesì, bí ó bá sì sunkún, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò bá a sun ún. Lewis tí ó borí rẹ̀ gba ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n Bruno ni ó gba ìfẹ́. Joshua náà ti ṣubú rí, ní New York ní 2019, àti ní Wembley ní 2024 níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ó ṣubú ní Wembley, mo gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Bàrígà ń ṣàlàyé fún ara wọn bí ẹni pé àbúrò wọn ni wọ́n lù.

Ifá ní ọ̀rọ̀ kan lórí èyí, inú Ogbè Ògúndá ni ó wà. Ẹsẹ̀ náà gùn, èmi kò ní sun ún níbí. Ìtàn rẹ̀ ni n óò fi ẹnu sọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sí ayé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí ọmọ aráyé. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà sí ibikíbi. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ tààrà, wọ́n mú orí tí ó tóbi, tí ó dán, láìmọ̀ pé kò jiná. Afùwàpẹ́ ní òun kò lè kọjá láìfojú kan bàbá òun. Àwọn awo ilé bàbá rẹ̀ dá Ifá fún un, wọ́n ní kí ó rú iyọ̀ àti owó, kí ó sì mú lára wọn dání lọ sí ọ̀nà. Bí ó ti ń lọ, ó bá àgbà kan tí ń se ọbẹ̀, eérú ni ó sì ń bù sínú rẹ̀. Afùwàpẹ́ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Àgbà náà ní ohun tí àwọn ń jẹ nìyẹn. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ náà, àgbà náà tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ sì dùn. Òun ni ó wá là á yé Afùwàpẹ́ pé onígbèsè ni Àjàlá, pé ó máa ń sá pamọ́ sí òkè àjà bí olówó rẹ̀ bá dé. Afùwàpẹ́ dé ibẹ̀, ó bá olówó, ó san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a yan orí tí ó jiná. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sí ayé, òjò pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí àwọn méjì yòókù ń re dànù, ti Afùwàpẹ́ sì le gírígírí.

Àwa babaláwo sábà máa ń fi ẹsẹ̀ yìí kọ́ni nípa àyànmọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi a máa dúró díẹ̀ níbi iyọ̀. Oríṣẹ̀ẹ́kú, ọmọ Ògún ni. Kì í ṣe agbára ni kò ní. Ohun tí kò ṣe ni pé kò dúró níbi ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni. Afùwàpẹ́ kò mọ̀ pé àgbà náà ní àṣírí kankan láti sọ. Ó rí ẹni tí ń jẹ eérú, iyọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wà lọ́dọ̀ olúwo mi nígbà tí Ali àti George Foreman jà ní Kinshasa, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá 1974. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n wọ inú rìǹgì, aago tiwọn àti tiwa sì jẹ́ ọ̀kan náà. Àwa ọmọdé ti sá lọ sí ilé aládùúgbò kan tí ó ní rédíò. Foreman ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ayé nígbà náà. Ó ti gbé Joe Frazier ṣubú lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín abala méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilẹ̀ Sàírè, ajá ńlá kan ni ó fà dání, irú ajá tí àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù ń lò láti fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ ilẹ̀ náà nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso wọn. Ali ní tirẹ̀ ń sáré lójú títì pẹ̀lú àwọn ọmọdé, ó ń bá wọn ṣàwàdà. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìlú ti yàn. Nígbà tí a sọ ti ajá náà fún olúwo mi, ẹni tí kò ka ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sí nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Ògún nìkan ni òun mọ̀ tí ajá ń ṣe lóore, ó sì máa ń jẹ ẹ́ ni.

Ali ṣẹ́gun ní abala kẹjọ. Foreman fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ ní 1977, ó di oníwàásù, ó padà ní 1987 pẹ̀lú ikùn ńlá àti ẹ̀rín. Ní oṣù kọkànlá 1994, ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ó gbé Michael Moorer ṣubú, ó tún gba bẹ́líìtì. Ẹni tí ayé sá fún ni ayé wá ń dì mọ́. Ó ń ta ohun èlò tí a fi ń sun ẹran, ó sọ gbogbo ọmọkùnrin rẹ̀ márààrún ní George, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó kú ní oṣù kẹta 2025, àwọn tí kò tíì dáyé ní 1974 ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Bóyá ó tilẹ̀ falẹ̀ sí i.

Ti Ali tún ní ohun kan tí ọmọ Yorùbá yóò tètè rí. Ọkùnrin náà ń ki ara rẹ̀. Kò dúró de onírárà. Ó fún ayé ní ohun tí wọn yóò máa fi pè é, nígbà tí o bá sì ti mọ oríkì ènìyàn, ó ti di tìrẹ díẹ̀. Akínwándé kò fún wa ní ohun tí a óò fi kì í.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ti ẹni tí a kò fẹ́ràn ni gbogbo ẹ̀bi. Jack Johnson gba bẹ́líìtì ní 1908, ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun sì kórìíra lára rẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ àti pé kò tẹrí ba. Larry Holmes, ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó dé lẹ́yìn Ali, bí ìyàwó tí a gbé wọ ilé tí ìyáálé àyànfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú rẹ̀ jáde: bí ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, wọn yóò ní ti ẹni ìṣáájú dùn jù ú lọ. Ọmọ abẹ́ Ali ni, òun ni Ali fi ń gbára dì fún ìjà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó sì na Ali ní Las Vegas ní 1980, ó sunkún. Ayé kò dárí jì í. Ó di bẹ́líìtì mú láti 1978 títí di 1985.

Ti Sonny Liston ni ó máa ń dùn mí jù. Ọmọ tálákà ni, ẹ̀wọ̀n ni ó ti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kò mọ̀wé kà. Ní oṣù kẹsàn-án 1962, ní Chicago, ó na Floyd Patterson ní abala kìíní, ó di ọ̀gá gbogbo ayé. Nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó gbé e padà sí Philadelphia, ó ń múra ọ̀rọ̀ tí yóò bá àwọn ènìyàn sọ ní pápákọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kò sí èrò. Ẹni yìí ní iyọ̀ dání o, ìlú ni ó ti pinnu pé àwọn kò ní tọ́ ọ wò.

Ní ọdún tó kọjá, obìnrin kan tí ń ta ẹja ní etí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Géńdé ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ga débi pé ó tẹ̀ kí ó tó wọlé. Símẹ́ǹtì ni ó ń rù lọ́sàn-án, ẹ̀ṣẹ́ ni ó ń kọ́ nírọ̀lẹ́. Ó ti ja ìjà mẹ́sàn-án, ó borí nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Síbẹ̀ àwọn tí ń ṣètò ìjà kò pè é mọ́. Ẹni tí ó nà ní ọdún kejì ni wọ́n ń pè, nítorí pé ẹni yẹn máa ń kó èrò ọkọ̀ márùn-ún wá, tí gbogbo wọn yóò sanwó ẹnu ọ̀nà. Ọmọ yìí, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ń bá a lọ.

Ìyá náà kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọn kò bá pè é títí ọdún yìí fi parí, ó ní òun yóò gbé ìbọ̀wọ́ náà kọ́."

Ọmọ náà ní ẹnìkan ti gba òun nímọ̀ràn pé kí òun máa bú àwọn alátakò òun lórí fóònù, pé bí òun bá bú wọn tó, òun yóò lókìkí. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé èébú mọ́ ọ lẹ́nu?" Ó ní, "Rárá, Bàbá."

Mo dá Ifá. Odù tí ó jáde, tiwọn ni, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Mo mú ìbò. Mo bèèrè ire ìṣẹ́gun, Ifá ní ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá bèèrè ìyọ́nú ènìyàn lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Ifá ní ó wà, ṣùgbọ́n ẹbọ ni kí ó rú. Iyọ̀ wà nínú ẹbọ náà. Ifá kò ní kí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójúbọ: kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in fún àwọn tí ń dáná oúnjẹ tà lójú ọ̀nà tí ó ń gbà sáré ní ìdájí, kí ó sì bèèrè orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ó wò mí bí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Ọṣẹ àwúre ni ó ti fọkàn sí, bóyá gbẹ́rẹ́ pẹ̀lú.

Ìyá rẹ̀ ra iyọ̀ náà. Ọjọ́ méje ni ó fi pín in, láti Ìlàjẹ dé ìhà Pẹ́drò. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé obìnrin alákàrà kan gba iyọ̀ náà lọ́wọ́ òun, ó wò òun láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ ni géńdé tí ń sáré kọjá níbí ní gbogbo òwúrọ̀ tí kì í kí ni?"

Ó tó oṣù márùn-ún kí wọ́n tó tún pè é. Dánfó kan ni a gbà láti Bàrígà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì kún. Mo ka àwọn tí ó wà nínú rẹ̀: mọ́kànlá ni wọ́n, èmi ni ìkejìlá. Alákàrà náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ó ti fi agbada àti iná sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì ń bi wá ní gbogbo ọ̀nà pé abala mélòó ni wọ́n máa ń jà, àti pé ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí ènìyàn pariwo níbẹ̀.